Ta ló ni gọ́tà yìí? Bí ẹ̀sùn àdúgbò ṣe ń rìn ní kánsù Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti gbá ẹnu ọ̀nà lọ tán, tí omi rọ́ wọ yàrá, ohun tí a máa ń gbọ́ káàkiri àdúgbò ni pé ìjọba ò rí tiwa rò. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé: ìjọba wo? Ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti kánsù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ọ̀nà àti òṣìṣẹ́ nínú ìlú Àkúrẹ́ kan ṣoṣo yìí. Lẹ́tà tó bá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ni nǹkan tí a ń sọ, wọ́n á gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀, á sì sùn sínú fáìlì. Ohun tó ń pa ẹ̀sùn àdúgbò jù lọ nìyẹn. Ó ń pa á ju ọ̀lẹ òṣìṣẹ́ lọ, ó sì ń pa á ju àìsówó lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ wádìí olóhun.

Àfikún Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ kánsù sílẹ̀. Ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran àti itẹ́ òkú wà níbẹ̀. Gọ́tà, iná ojú títì, kíkó pàǹtí àti ẹ̀gbin, sísọ títì lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Bákan náà ni àyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù, búkà, ilé búrẹ́dì, pátákó ìpolówó àti ohun ọ̀sìn inú ilé. Lórí ọ̀nà, ohun tí òfin sọ ni pé títì tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá yàn fún kánsù ni kánsù ni. Gbólóhùn kékeré yìí ló ń mú kí ilé iṣẹ́ kan máa ti ẹ̀sùn sí òmíràn lọ́rùn.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nìyí. Ọ̀nà ńlá tó so ìlú pọ̀ mọ́ ìlú, bíi Iléṣà sí Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tàbí Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì, sábà máa ń jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Iléeṣẹ́ Iṣẹ́ Òde ti àpapọ̀ ló ni ín, FERMA ló sì ń dí kòtò ojú rẹ̀. Òpópónà ńlá inú ìlú tí ìpínlẹ̀ da ọ̀dà sí, OSARMCO ni kí ẹ kọ̀wé sí, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń ṣe ọ̀nà tó sì ń tún un ṣe. Títì inú àdúgbò tó ya kúrò lára òpópónà, tí kò so ìlú kan mọ́ òmíràn, tí gréédà nìkan máa ń há, kánsù ló ni ìyẹn. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ní sẹkitéríàtì kánsù, kí ẹ dárúkọ títì náà fún ẹ̀ńjíníà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kó tó sọ fún yín ta ló ni ín, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn sì lè gba ọdún kan lọ́wọ́ òfò.

Lẹ́yìn èyí, kánsù wo? Ìjọba ìbílẹ̀ 18 àti wọ́ọ̀dù 203 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ sì ti fẹ̀ kọjá ààlà kánsù kan. Ẹni tó ń gbé Ọba-Ilé, tó ń nájà ní Ọjà Ọba, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní ará Àkúrẹ́, abẹ́ kánsù Àríwá Àkúrẹ́ ló wà. Kò sí ohun tí kánsù Gúúsù Àkúrẹ́ lè fi lẹ́tà rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Oǹdó. Ìlú Oǹdó ni sẹkitéríàtì Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó wà, ti Ìlà-Oòrùn wà ní Bọ̀lọ́rundúró, ilé tuntun tó wà létí ìlú sì lè bọ́ sí ìhín tàbí ọ̀hún. Ẹ wo nọ́ńbà ibùdó ìdìbò tó súnmọ́ ilé yín jù. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ti ìpínlẹ̀, 28 sì ni ti Oǹdó. Méjì tó tẹ̀lé e ni ti ìjọba ìbílẹ̀, méjì mìíràn ni ti wọ́ọ̀dù, mẹ́ta ìkẹyìn ni ti ibùdó fúnra rẹ̀. Ẹ má fi káàdì ìdìbò ọwọ́ yín nìkan dá a mọ̀ o, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kó kúrò níbi tí wọ́n ti gbà á.

Ẹ̀sùn iná mọ̀nàmọ́ná, transformer tó jó tàbí òpó tó fẹ́ wó, kò kan kánsù rárá. BEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná, ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Pàǹtí ní tirẹ̀ pín sí méjì. Òfin kó o fún kánsù, ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ìdọ̀tí ló ni àwọn àgbá ńlá àti ọkọ̀ tó ń gbé wọn. Bí àgbá bá kún tí wọn ò gbé e, àjọ yẹn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò ló ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà, wolé-wolé kánsù ni kí ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè Odò Àlà, tó fún ojú odò pa, ọwọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ àti iléeṣẹ́ àyíká ló wà. Kánsù lè bá yín kọ̀wé sí wọn, ṣùgbọ́n kò lè dá a wó.

Ẹ̀sùn tí kò ná kánsù lówó

Ẹ̀sùn méjì ló wà. Ọ̀kan ń fẹ́ òṣìṣẹ́, èkejì ń fẹ́ owó. Èyí tó ń fẹ́ òṣìṣẹ́ nìkan ló máa ń yá, wolé-wolé ló sì máa ń ṣe é. Omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn láti balùwẹ̀ ilé kan sí àgbàlá ilé kejì, ṣalángá tó kún, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí adìyẹ tí wọ́n ń sìn lẹ́bàá fèrèsé ènìyàn, búkà tó ń da omi ẹja sí títì, igbó tó kún púlọ́ọ̀tì tí ẹnì kan ò kọ́lé sí, gbogbo èyí, ọwọ́ wọn ló wà.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera àyíká ní kánsù, kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì fi ìwé kúkúrú tì í lẹ́yìn. Wolé-wolé á wá wò ó. Bí ó bá rí i pé òótọ́ ni, á fún onílé ní ìwé àṣẹ tó sọ ohun tó gbọ́dọ̀ tún ṣe àti iye ọjọ́ tó ní. Ọjọ́ náà máa ń kúrú bó bá jẹ́ omi ìdọ̀tí, ó sì máa ń gùn díẹ̀ bó bá jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sọkàwéè tuntun. Bí ọjọ́ bá pé, á padà wá wò ó. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, kánsù lè gbé onílé lọ sílé ẹjọ́ májísíréètì, owó ìtanràn sì lè tẹ̀lé e.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Wolé-wolé dé, ilé tì pa, kò sẹ́ni tó máa tọ́ka sí ibẹ̀ fún un. Ẹni tó mú ẹ̀sùn wá ò fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀. Tàbí kí wọ́n kọ ọ́ pé "àwọn kan ń da ìdọ̀tí" láìdárúkọ ilé. Òṣìṣẹ́ ò lè kọ ìwé àṣẹ sí "àwọn kan." Nọ́ńbà ilé, àwọ̀ géètì, orúkọ onílé tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àsìkò tí omi náà máa ń ṣàn, ohun tí wọ́n nílò nìyẹn. Bí ìdọ̀tí bá jẹ́ ti òru, ẹ fi fóònù ya fọ́tò tó ń fi déètì àti àsìkò hàn. Ẹ sì lè sọ pé ẹ ò fẹ́ kí onílé kejì gbọ́ orúkọ yín. Ohun tí wolé-wolé bá fojú ara rẹ̀ rí ni yóò kọ sínú ìwé àṣẹ, kì í ṣe ẹni tó wá sọ fún un.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀sùn tí wọ́n ń fà padà. Àgbà àdúgbò bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ nínú ilé, wolé-wolé sì ti fáìlì. Lẹ́yìn oṣù méjì, omi ìdọ̀tí tún ti ń ṣàn, òṣìṣẹ́ yẹn ò sì ní fẹ́ padà wá mọ́. Ìlàjà dára, ó tilẹ̀ yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá là á, ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí, kí ẹ fún wolé-wolé ní ẹ̀dà kan, kí fáìlì má tíì pa dé títí ọjọ́ yẹn.

Lórí kànga àti sọkàwéè, ẹ pe wolé-wolé kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ẹ má dúró dìgbà tí inú bá ń run ọmọ. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń lò ni pé kí sọkàwéè tàbí ṣalángá jìnnà sí kànga ní ẹsẹ̀ bàtà 100, bíi mítà 30. Ẹ wá wo púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120: bí olúkúlùkù bá gbẹ́ tiẹ̀ síbi tó wù ú, kànga tèmi àti sọkàwéè tìrẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora lábẹ́ ògiri. Àwọn onílé mẹ́rin tó bá fẹ̀yìn ti ara wọn ló yẹ kí wọ́n jọ pinnu igun tí gbogbo kànga máa wà àti igun tí gbogbo sọkàwéè máa wà.

Ariwo ńkọ́? Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2009 lórí ariwo, tí àjọ NESREA ń mójú tó, fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ohun tí a fi ń wọn ariwo) 50 sílẹ̀ fún ilé gbígbé lójú ọ̀sán àti 35 lóru. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni òru bẹ̀rẹ̀. Fóònù lè fún yín ní ìwọ̀n tó súnmọ́ òótọ́, àmọ́ ilé ẹjọ́ lè má gbà á. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ariwo bẹ̀rẹ̀ àti tí ó parí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ilé tó tó márùn-ún fọwọ́ sí i.

Ẹ̀sùn tó ń fẹ́ owó

Ibí ni iṣẹ́ wà. Kọ́fátì tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, gréédà, gọ́tà tuntun, iná ojú títì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà: bí owó ò bá sí nínú ìṣirò ọdún yẹn, ìyẹn bọ́jẹ́ẹ̀tì kánsù, kò sí alága tó lè ṣe é láì já owó kúrò níbòmíràn.

Bí lẹ́tà ṣe ń rìn nìyí. Ẹ fún akọ̀wé tó ń gba ìwé wọlé ní lẹ́tà, á lù ú ní òǹtẹ̀, á kọ déètì sí i, á sì fi sínú fáìlì tó ní nọ́ńbà. Fáìlì lọ sọ́dọ̀ olórí àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, ó dé ọ̀dọ̀ alága. Alága á kọ ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún olórí ẹ̀ka iṣẹ́ pé kó lọ wò ó, kó jábọ̀. Ẹ̀ńjíníà á lọ wọn ibẹ̀, á ṣe ìṣirò: iye òrùka kọ́fátì, iye àpò símẹ́ǹtì, iye típà yanrìn àti òkúta, owó òṣìṣẹ́. Ìṣirò yẹn padà sọ́dọ̀ alága, ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó owó, wọ́n wo bóyá orí ìnáwó kan wà tí ó lè gbé e. Bó bá wà, wọ́n á fọwọ́ sí i, yálà kí òṣìṣẹ́ kánsù ṣe é fúnra wọn tàbí kí wọ́n gbé e fún agbaṣẹ́ṣe.

Ibi mẹ́ta ni fáìlì máa ń kú sí lójú ọ̀nà yìí. Àkọ́kọ́ ni tábìlì ẹ̀ńjíníà, torí pé kò sí ọkọ̀ tàbí epo tí yóò gbé e dé àdúgbò yín, tàbí pé kò mọ ibẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà ẹni tó lè pè. Èkejì ni pé ó ti lọ wò ó ṣùgbọ́n kò ṣe ìṣirò, torí pé kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ̀kẹta ni ìgbìmọ̀ owó, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé orí ìnáwó ti tán fún ọdún yìí.

Òun ló fà á tí àsìkò fi ṣe pàtàkì ju ìbínú lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́ láti oṣù kẹta sí kẹrin, ó le gan-an ní oṣù kẹfà àti keje, ó sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún gbá gidi ní oṣù kẹsàn-án kó tó lọ sílé. Lẹ́tà gọ́tà tó dé kánsù ní oṣù keje dé nígbà tí gréédà ò lè wọ ẹrẹ̀, símẹ́ǹtì ò sì lè gbẹ dáadáa, tí owó ọdún náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín tán. Ìparí ọdún ni kánsù máa ń to ìṣirò ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ya fọ́tò ní oṣù keje, nígbà tí omi wà lójú títì. Ẹ kọ lẹ́tà ní oṣù kẹsàn-án, kí kánsẹ́lọ̀ lè gbé e síwájú ìgbìmọ̀ kí ìṣirò ọdún tó dé. Ẹ padà lọ rán wọn létí ní oṣù kìíní, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí iṣẹ́ ṣeé ṣe.

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ kọ́fátì. Ẹ tọrọ àyẹ̀wò àti ìṣirò iṣẹ́. Àyẹ̀wò ò ná kánsù ju epo ọkọ̀ lọ, ẹ̀ka iṣẹ́ lè ṣe é láìdúró de ìgbìmọ̀ owó. Bí ìṣirò bá sì ti wà nínú fáìlì, ẹ̀sùn yín ti di iṣẹ́ tó ní iye owó lórí, ó sì rọrùn láti tì í sínú ìṣirò ọdún ju igbe lásán lọ. Àpẹẹrẹ kan nìyí tí ẹ lè yí padà:

Alága Kánsù, Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, Àkúrẹ́.
Nípasẹ̀ Kánsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù wa.
Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀYẸ̀WÒ ÀTI ÌṢIRÒ IṢẸ́ LÓRÍ OJÚ OMI TÓ GÉ TÍTÌ WA
Ibi tó wà ni ìkóríta títì báyìí àti báyìí, mítà 40 sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ òsì bí ènìyàn bá ń ti òpópónà bọ̀. Omi ti gé títì náà ní gígùn mítà 18, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2 àti ààbọ̀, jíjìn rẹ̀ jẹ́ mítà 1. Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Ilé 34 àti ilé ìwé náà ni ọkọ̀ ò lè dé mọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ̀ńjíníà wá wò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fún wa ní ẹ̀dà ìṣirò tó bá ṣe. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa á mú un dé ibẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àwa ará àdúgbò ti ṣe tán láti gbé ṣọ́ọ̀bù onípákó tó wà lójú omi náà kúrò.

Ojú ìwé kan ni, kó má gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ so fọ́tò mẹ́rin mọ́ ọn: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan tí ènìyàn dúró sínú kòtò náà kí jíjìn rẹ̀ lè hàn, ọ̀kan nígbà òjò. Ẹ so ìwé ìfọwọ́síwèé mọ́ ọn pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà ilé àti fóònù. Ogún ènìyàn tó ní nọ́ńbà ilé wúlò ju igba ìfọwọ́síwèé tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ń gbé. Gbólóhùn ìkẹyìn nínú lẹ́tà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ẹ̀ńjíníà máa ń bẹ̀rù ibi tó ti máa bá ará àdúgbò jà kó tó lè gbẹ́ gọ́tà. Bó bá rí i pé ẹ ti yanjú ìyẹn, iṣẹ́ yín á gòkè nínú ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ tẹ̀. Ọ̀kan dúró ní kánsù, ọ̀kan fún kánsẹ́lọ̀, ẹ̀kẹta kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ kí wọ́n sì kọ déètì sí i kí ẹ tó mú un padà sílé. Lẹ́tà tí ẹ kò ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí èyí tí ẹ kò kọ rí. Ẹ bèèrè nọ́ńbà fáìlì pẹ̀lú. Bí ẹ bá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má bèèrè pé "Ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ wa dé?" Ẹ bèèrè pé fáìlì nọ́ńbà báyìí, tábìlì ta ló wà. Akọ̀wé á wo ìwé tí wọ́n fi ń tọpa fáìlì, á sì sọ ọ́ fún yín. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kí ẹ gbà lọ.

Kánsẹ́lọ̀ ní iṣẹ́ nínú èyí ju pé kó wá síbi ìsọmọlórúkọ lọ. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n dìbò yan àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ó lè gbé àbá kalẹ̀ níbi ìjókòó ìgbìmọ̀, ó lè pe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ wá ṣàlàyé, àwọn ló sì ń fọwọ́ sí ìṣirò ọdún. Ẹ fún un ní ẹ̀dà lẹ́tà àti ẹ̀dà ìṣirò, kí ó ní ohun tí yóò mú dání. Olóyè àdúgbò náà wúlò, pàápàá fún ọ̀rọ̀ ọjà àti ilẹ̀. Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ ọjà tí Lóbùn, olóyè obìnrin tó ń mójú tó ọjà, kò bá mọ̀ sí, kì í rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n olóyè kò lè fọwọ́ sí owó kánsù, nítorí náà kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àtìlẹ́yìn fún lẹ́tà, kó má rọ́pò lẹ́tà.

Bí oṣù kan bá kọjá láìsí èsì, ẹ kọ lẹ́tà ìránnilétí tó dárúkọ déètì àti nọ́ńbà ti àkọ́kọ́. Bí ìyẹn náà bá já sófo, ẹ lo òfin ọdún 2011 tó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé ìjọba, èyí tí a ń pè ní FOI. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé náà. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ ní láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin yìí kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fòpin sí àríyànjiyàn yẹn nínú oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n ní ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Ohun tí ẹ máa béèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tó wà: ìṣirò ọdún ti ẹ̀ka iṣẹ́, ìjábọ̀ ẹ̀ńjíníà lórí títì yín, orúkọ agbaṣẹ́ṣe àti iye tí wọ́n san fún un. "Kí ló dé tí ẹ ò ṣe é?" kì í ṣe ìwé, wọn ò sì ní láti dáhùn rẹ̀ lábẹ́ òfin yìí.

Bí wọ́n bá ní owó ò sí, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó kánsù láti àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ kánsù tààrà, pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú. Ìmúṣẹ rẹ̀ ń falẹ̀, ìyẹn ò sì fara sin. Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye tó tọ́ sí kánsù kọ̀ọ̀kan jáde fún aráyé, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò kọ́fátì yín níwájú kánsẹ́lọ̀.

Ìdúró tó kàn ni Public Complaints Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí iléeṣẹ́ ìjọba. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí kánsù, kánsù á sì ní láti ṣàlàyé. Ohun tó ń mú kí wọ́n dá ẹ̀sùn padà ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nílé ẹjọ́, pé ó ti ju oṣù 12 lọ kí wọ́n tó mú un wá, tàbí pé olùfisùn kò tíì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tó wà ní kánsù fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ tí ẹ ti ń tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa fi hàn pé ẹ gbìyànjú. Àwọn ètò rédíò tí aráàlú ti ń pe wọlé, bíi ti Adaba FM tàbí Positive FM, lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ẹ lò wọ́n lẹ́yìn lẹ́tà. Bí atọ́kùn ètò bá bi alága léèrè, tí alága ní "Wọn ò sọ fún wa," kí ẹ lè ka déètì àti nọ́ńbà fáìlì sórí afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àwọn agbowó tó ń dúró lójú títì. Òfin àpapọ̀ tó to owó orí àti owó ìgbàṣẹ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti dí ọ̀nà kó tó gbowó, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ kọ orúkọ tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá akápò kánsù kó sọ bóyá tiwọn ni.

Bí àdúgbò bá fẹ́ dáwó ṣe é fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Àkúrẹ́ kò dúró de kánsù, wọ́n ń dáwó ra òrùka kọ́fátì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n iye títì tí kọ́fátì àdáṣe ti bàjẹ́ ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ kò kéré, àṣìṣe kan náà ló sì máa ń fà á: wọ́n ra òrùka tí owó ká, wọn ò ra èyí tí omi ń fẹ́. Òrùka oní-ìnṣì 24 máa ń tó fún gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé. Bí ó bá jẹ́ omi tó ń kó jọ láti títì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lókè, ó kéré tán oní-ìnṣì 36, nígbà mìíràn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí òrùka bá kéré, nílọ́ọ̀nù omi píọ̀ wọ́tà á dí i, títì yín á di ìdídò, omi á sì gba orí títì kọjá, tàbí kó wọ ilé ẹni tó wà lókè.

Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ kọ̀wé sí kánsù kódà bí owó bá wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí ẹ̀ńjíníà wá sọ ìwọ̀n òrùka àti bí ó ṣe máa dà gẹ̀rẹ́. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ibo ni omi náà ń lọ lẹ́yìn tó bá jáde. Bó bá jẹ́ púlọ́ọ̀tì ẹlòmíràn ni, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ẹ sì yanjú rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, ì báà jẹ́ tiyín tàbí ti agbaṣẹ́ṣe kánsù, kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa wo nǹkan mẹ́rin yìí. Kí wọ́n da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ kí òrùka tó jókòó, kí wọ́n má gbé e lé erùpẹ̀ tútù. Kí wọ́n fi símẹ́ǹtì dí ojú ibi tí òrùka ti pàdé ara wọn, torí ibẹ̀ ni erùpẹ̀ máa ń gbà ṣàn lọ tí títì fi ń jìn lójijì. Kí wọ́n mọ ògiri sí ẹnu méjèèjì, ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde. Kọ́fátì tí kò ní ògiri ẹnu, omi á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín òjò kan. Kí erùpẹ̀ pupa tó wà lórí òrùka tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí típà àkọ́kọ́ má fọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ gréédà ni wọ́n mú wá, ẹ ní kó gbẹ́ ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó lọ. Títì tí gréédà há láìsí gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjò oṣù kẹrin ló máa gbá a.

Erùpẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde nínú gọ́tà, kí wọ́n kó o lọ lọ́jọ́ náà. Èyí tí wọ́n bá kó sí bèbè ń dúró de òjò tó kàn ni kó lè padà sínú ibi tó ti wá. Bí kánsù bá ní kò sí típà, kí ẹgbẹ́ onílé bá wọn wá kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kí agbaṣẹ́ṣe tó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò mẹ́rin mìíràn láti ibi kan náà tí ẹ ti ya ti àkọ́kọ́. Ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí kánsù tó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ohun tó kù àti ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, kí wọ́n lu ẹ̀dà rẹ̀ ní òǹtẹ̀. Fáìlì kan náà ni kí ó wọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́, kí akọ̀wé tuntun ẹgbẹ́ yín lè bá a níbẹ̀ bí kọ́fátì náà bá tún là ní ọdún mẹ́ta òní.